Gómìnà Tí Ń Bẹ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìwó jáde ní Ìbàdàn, tí ó kọjá Ìyànà Ọ̀fà, tí ó sì ń lọ sí Lálúpọn, kò ní ṣàì gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà. Bí kò bá sí ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ìró rẹ̀ a máa dún geere láìyí padà. Ṣùgbọ́n ní kété tí obìnrin kan bá da agbọ̀n ẹ̀gẹ́ bíbó sí i, ìró náà a rọlẹ̀ bí ìgbà tí a bá ṣàdédé gbé ẹrù wúwo lé ènìyàn lórí. Ẹ̀rọ a kùn, a mì tìtì, èéfín dúdú a tú jáde, lẹ́yìn náà ni ìró a tún gòkè padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè wà lórí àpótí rẹ̀ ní ìdí ògiri, kí ó máa ka owó tí àwọn oníbàárà san. Kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ta ni ó wá bu epo kún epo fún ẹ̀rọ?

Irin kékeré méjì ni. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n wà, wọ́n sì ń bá a yí. Bí eré ẹ̀rọ bá fẹ́ pọ̀ jù, irin méjèèjì a na apá síta, wọn a sì sé ọ̀nà epo díẹ̀. Bí eré rẹ̀ bá dín, apá wọn a ká wọlé, ọ̀nà epo a sì ṣí gbayawu. Ní ọdún 1788 ni James Watt, ará ilẹ̀ Skọ́tláńdì, lo irú ohun èlò yìí lára ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń tì. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá: gómìnà ni, orúkọ kan náà tí à ń pe ẹni tí ń ṣe àkóso ìpínlẹ̀ ní Àgodi.

Gómìnà ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. A kò fi irin rọ ọ́. Ìlànà tí a kọ sílẹ̀ ni, tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti gómìnà ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Ti ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ń pààrọ̀ epo kí eré má bàa yí padà, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà ń yí eré náà fúnra rẹ̀ padà, á mú un gòkè nígbà tí iṣẹ́ bá dé, á sì mú un wálẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Láti ọwọ́ gómìnà yìí ni kọ̀ǹpútà kan náà ti lè yára lónìí kí ó sì falẹ̀ lọ́la, tí bátìrì rẹ̀ lè pẹ́ títí di alẹ́ tàbí kí ó kú ní ọ̀sán gangan, láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ ra ohun titun kan sí i tàbí pé ohun kan bàjẹ́ lára rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ kankan ṣe bí kò bá ní ètò aṣàkóso, èyí tí ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ètò aṣàkóso wọ̀nyí ni Linux. Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní ọdún 1991, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò àti láti tún ṣe láìgba kọ́bọ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan tí ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe ń gbé Linux sórí rẹ̀, pàápàá nítorí pé àwọn ẹ̀yà Linux kan wà tí kì í ni ẹ̀rọ ogbó lára. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun àwọn tálákà nìkan ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, Linux ni ó wà lórí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí agbára wọn pọ̀ jù lọ ní àgbáyé.

Kí iṣẹ́ gómìnà tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe àkóso lé lórí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní pírósẹ́sọ̀, jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bí òòlù alágbẹ̀dẹ ti ń dún lórí owú ní ìwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ìlù tí ó dọ́gba. Ní ìlù kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé ìṣísẹ̀ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Iye ìlù tí ó bá lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni eré rẹ̀. Bí a bá sọ pé eré ọpọlọ kan jẹ́ 1 GHz, bílíọ̀nù kan ìlù ni ó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè wà ní 0.8 GHz nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kí ó sì fò sókè dé 3 GHz nígbà tí a bá gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́.

Bí ó bá lè lu ìlù 3 GHz, kí ló dé tí kò fi máa lù ú bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru? Iná tí ó ń jẹ ni ìdí rẹ̀. Bí iye ìlù bá ṣe ń pọ̀ ni iná tí ọpọlọ ń jẹ ń pọ̀. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ó ń yani lẹ́nu ni ti fólítì, èyí tí í ṣe agbára tí ń ti iná kọjá nínú ẹ̀rọ. Ọpọlọ kò lè lu ìlù kíákíá bí a kò bá fi kún fólítì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ó ń jẹ kì í bá fólítì gòkè ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Fólítì lọ́nà fólítì ni a ó fi ṣírò rẹ̀, kí a tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po iye ìlù.

Ká ní ọpọlọ kan ń fẹ́ fólítì 1.2 kí ó tó lè lu ìlù 3 GHz, tí fólítì 0.8 sì tó o ní 1.5 GHz. Ní ti àkọ́kọ́, 1.2 lọ́nà 1.2 jẹ́ 1.44, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 4.32. Ní ti èkejì, 0.8 lọ́nà 0.8 jẹ́ 0.64, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, ó di 0.96. Ẹni tí ó bá fi 0.96 pín 4.32 yóò rí i pé 4.5 ni. Ìdajì eré ni a gé kúrò, ṣùgbọ́n iná tí ọpọlọ ń jẹ kò tó ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń jẹ wáàtì 18 nígbà tí ó ń sáré, wáàtì 4 péré ni yóò máa jẹ nígbà tí ó bá rọra. Orí ìṣirò yìí ni gbogbo ọgbọ́n gómìnà dúró lé.

Nígbà kan rí, àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó báyìí. Ní ọdún 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM ṣàlàyé pé bí a bá ń sọ àwọn ẹ̀yà inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà di kékeré, tí a sì ń dín fólítì wọn kù bákan náà, eré rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ooru rẹ̀ ń pọ̀. Ọ̀nà yìí dára, wọ́n sì tọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 2000 sí 2010, fólítì kò ṣeé dín kù bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ooru sì di ọ̀tá. Ní ọdún 2004 ilé iṣẹ́ Intel pa èrò rẹ̀ tì láti ṣe Pentium 4 tí yóò máa lu ìlù 4 GHz, ó sì yíjú sí ṣíṣe ọpọlọ tí ó ní ju ẹyọ kan lọ nínú pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni gómìnà gbilẹ̀ nínú Linux.

Oríṣiríṣi gómìnà ni Linux ní, olówó kọ̀ǹpútà sì lè yan èyí tí ó bá fẹ́. Èyí tí ń jẹ́ performance ń di ọpọlọ mú sí eré tí ó ga jù lọ. Èyí tí ń jẹ́ powersave ń dì í mú sí ìsàlẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ ì báà pọ̀ bí eṣú. Userspace ń fi ọ̀rọ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ kí ó fúnra rẹ̀ sọ iye tí ó ń fẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lò ó. Àwọn mẹ́ta yìí kò ní ọgbọ́n inú kankan, ohun tí a bá ti sọ fún wọn ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn yòókù ni ó ń ronú. Ondemand, tí ó wọ inú Linux ní ọdún 2004, a máa yọjú wo ọpọlọ nígbà gbogbo láti mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti dí tó. Bí ó bá dí ju ìwọ̀n kan lọ, kíá ni yóò gbé e lọ sí òkè téńté. Bí ọwọ́ bá tún dilẹ̀, yóò mú un sọ̀ kalẹ̀. Conservative ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gun àkàbà ni, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Schedutil ni àbúrò wọn, ọdún 2016 ni ó dé. Òun kì í dúró dìgbà tí ìró ẹ̀rọ bá rọlẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń to àwọn obìnrin sórí ìlà ni í lọ béèrè agbọ̀n tí ó kù nílẹ̀. Nínú Linux, apá kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pín àkókò ọpọlọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, apá yìí ni ó sì ń sọ fún schedutil bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó.

Ọ̀fìn kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jìn sí. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo ọpọlọ Intel ti ìgbà ìwòyí, gómìnà méjì péré ni ènìyàn yóò bá níbẹ̀, performance àti powersave. Ẹni tí ó ti kà á níbì kan pé powersave a máa de ọpọlọ mọ́lẹ̀ yóò sáré pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n powersave ti ibí yìí kì í ṣe powersave ti ọ̀hún. Ètò mìíràn, tí ó wọ Linux ní ọdún 2013, ni ó ń darí rẹ̀, ó sì ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Orúkọ kan náà, ìwà méjì. Ó ṣòro láti mọ ìdí tí a kò fi wá orúkọ mìíràn fún un.

Ibi tí yíyàn gómìnà ti kan àpò ènìyàn ni àwọn ìlú kéékèèké bí Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, tàbí Erúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ká fi ojú inú wo ilé iṣẹ́ kékeré kan ní irú ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń wo èsì ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n sì ń to fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà pọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń pín iná ní Ìbàdàn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba. Láti ọdún 2020 sì ni a ti ń pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí iná tí ó tọ́ sí wọn lóòjọ́: 20 ó kéré tán fún ìsọ̀rí A, 4 péré fún ìsọ̀rí E. Ilé iṣẹ́ tí ó bá bọ́ sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá iná mìíràn, yálà ti oòrùn tí a tọ́jú sínú bátìrì ńlá, tàbí ti ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a ń fi okùn fà. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde òpin ìrànwọ́ owó orí epo bẹntiróò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá yẹn ti di ariwo owó tí ń jó.

Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ yìí lè rò pé ọ̀nà àti ṣọ́ iná jẹ ni kí òun máa mú kọ̀ǹpútà rọra ní gbogbo ìgbà. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ká mú ọpọlọ tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, tí ń jẹ wáàtì 18 bí ó bá ń sáré, tí ó sì ń jẹ 4 bí ó bá rọra ní ìdajì eré. Ṣùgbọ́n ọpọlọ nìkan kọ́ ni ó ń jẹ iná. Ojú kọ̀ǹpútà tí ń tàn, ibi tí ó ń tọ́jú nǹkan sí àti àwọn ẹ̀yà yòókù ń jẹun pẹ̀lú. Ká pe ti gbogbo àwọn wọ̀nyí ní wáàtì 12. Iṣẹ́ fídíò kan wà nílẹ̀ tí yóò gba wákàtí kan bí ọpọlọ bá sáré, tí yóò sì gba wákàtí méjì bí ó bá rọra.

Bí ó bá sáré, 18 àti 12 jẹ́ 30. Wákàtí kan ni, nítorí náà wáàtì 30 fún wákàtí kan ni àpapọ̀ iná tí ó jẹ. Bí ó bá rọra, 4 àti 12 jẹ́ 16. Wákàtí méjì ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ẹni tí ó rọra ni ó jẹ iná jù! Ohun tí ó ṣọ́ lára ọpọlọ, ojú kọ̀ǹpútà tí ó tàn fún wákàtí kan sí i ti jẹ ẹ́ tán, ó sì tún fi díẹ̀ lé e.

Èyí kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ìṣirò yẹn jẹ́ òtítọ́ bí a bá pa kọ̀ǹpútà ní kété tí iṣẹ́ tán. Bí oníbàárà mìíràn bá ń bọ̀ ńkọ́, tí kọ̀ǹpútà ní láti wà ní títàn fún wákàtí méjèèjì bí ó ti wù kí ó rí? Nígbà náà, ẹni tí ó sáré yóò jẹ 30 ní wákàtí kìíní, yóò sì tún jẹ 12 ti àwọn ẹ̀yà yòókù, pẹ̀lú nǹkan bí wáàtì kan fún ọpọlọ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ní wákàtí kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ di 43. Ẹni tí ó rọra ṣì wà lórí 32 tirẹ̀. Ìrọra ni ó jèrè báyìí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé iṣẹ́ máa bi ara rẹ̀ kì í ṣe bí eré ti pọ̀ tó nìkan, bí kò ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí.

Ní ti ẹ̀rọ amúnáwá, kò sí iyè méjì rárá. Ẹ̀rọ náà ń mu epo bí ó bá ti ń dún, kọ̀ǹpútà kan ì báà wà lórí rẹ̀ tàbí kí ó má sí. Wákàtí kan tí a fi kún iṣẹ́ jẹ́ wákàtí kan tí a fi kún epo. Ẹni tí ó bá fà á nítorí fídíò kan ṣoṣo yóò fi kọ̀ǹpútà sí performance, yóò sáré parí iṣẹ́ náà, yóò sì pa á. Iná oòrùn ní ìwà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí bátìrì ńlá bá ti kún, iná tí kò bá sí ẹni tí yóò lò ó ti ṣòfò nìyẹn, nítorí náà ìgbà náà ni ó yẹ láti ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo. Ní alẹ́, nígbà tí ohun tí ó wà nínú bátìrì jẹ́ gbogbo ohun tí a ní, kí a mú eré wálẹ̀, kí a sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù.

Ní ti ìwé títẹ̀ lásán, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Atẹ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ó ń tẹ lẹ́tà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, rò pé òun ń sáré ni. Láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ọpọlọ tí ó wà ní 1.5 GHz ní àyè láti lu ìlù 300 mílíọ̀nù. Lójú ọpọlọ yìí, atẹ̀wé náà dà bí àlejò tí ń bọ̀ láti òkè òkun.

Kí ni ọpọlọ ń ṣe ní gbogbo àkókò tí ó ń dúró yìí? Ó ń sùn ni. Oorun rẹ̀ sì ní ìpele. Àgbẹ̀ tí ó jókòó tòògbé lábẹ́ igi lẹ́bàá oko yóò dìde bí a bá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ti délé, tí ó wẹ̀, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn sùn, kò rọrùn láti jí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ní oorun fẹ́ẹ́rẹ́ ó kàn dáwọ́ ìlù dúró, ṣùgbọ́n ní oorun wọra a ó pa iná ẹ̀yà rẹ̀ kan pátápátá, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jí. Nítorí oorun yìí ni performance kì í fi í jẹ iná lórí ẹ̀rọ ìgbà ìwòyí tó bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù, nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ nílẹ̀.

Iṣẹ́ tí gómìnà lè dá dúró jù lọ kì í ṣe iṣẹ́ tí ó gùn. Ní Ìdí-Ọ̀ṣẹ́, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Mọ́níyà ní Akínyẹlé, ni ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a ń pè ní IITA wà láti ọdún 1967. Láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti ti ibi ìwádìí ìjọba ní Umudike, ti ń fi ìmọ̀ àbùdá yan irúgbìn ẹ̀gẹ́. Àbùdá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí a lè fi ìka ṣírò. Kọ̀ǹpútà tí a bá gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi. Níbẹ̀, ondemand tàbí schedutil yóò tètè gòkè, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti performance kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí ń bọ̀ ní ìdákúrekú, tí ó ń ṣe díẹ̀ tí ó sì ń dúró de ohun tí a fẹ́ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ìyà ń jẹ. Kí gómìnà tó gbé eré sókè, iṣẹ́ ti tán; bí ó bá sì ti mú un wálẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tún dé.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kì í ṣe ti gómìnà rárá. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa ṣọ́ ara rẹ̀ nítorí ooru, bí ó bá sì gbóná dé ibi tí ó léwu, yóò dín eré kù, ì báà jẹ́ performance ni a yàn. Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín ní agbègbè Ìbàdàn, tí eruku ọyẹ́ sì ti dí ojú fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà pa, kò sí gómìnà tí ó lè mú un sáré. Ẹni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí ibùsùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò ìmí rẹ̀. Ṣájà náà tún wà. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé bí wọn kò bá dá ṣájà tí a fi sí wọn lára mọ̀, wọn a so ara wọn mọ́ eré tí ó kéré jù lọ, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀. A ti ta ọ̀pọ̀ irú wọn ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú nítorí pé olówó wọn rò pé wọ́n ti darúgbó.

Láti mọ gómìnà tí ń bẹ lórí oyè, kí ènìyàn ṣí ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Linux, kí ó sì tẹ èyí:

cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq/scaling_governor

Orúkọ kan ṣoṣo ni yóò jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè lọ sí ibi ètò iná lójú kọ̀ǹpútà. Lórí ọ̀pọ̀ Linux ti ìsinsìnyí, yóò bá ọ̀nà mẹ́ta níbẹ̀, ti eré, ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti ti ìṣọ́náná. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó dára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Yíyí i padà kì í ba ẹ̀rọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a lè dá a padà nígbàkígbà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ní àwọn abúlé wọ̀nyí yóò sọ pé àwọn kò tíì fi ojú kan Linux rí. Ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú àpò wọn. Android tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò ní Nàìjíríà, orí Linux ni a kọ́ ọ lé láti ọdún 2008 tí fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde, gómìnà sì ń bẹ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù wọ̀nyí, ọpọlọ ńlá àti ọpọlọ kékeré jọ ń gbé pọ̀ ni, ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ ARM gbé jáde ní ọdún 2011. Kékeré ni ó ń gba ìpè, tí ó sì ń ṣọ́ aago. Bí eré ìdárayá tàbí fídíò bá dé ni a ó jí ńlá. Bí a bá tẹ ibi ìfipamọ́ bátìrì, a ti sọ fún gómìnà pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí eré ga jù, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń lọ́ra nígbà náà. Àgbẹ̀ tí ó bá gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sórí ebè ní ọ̀sán, kí oòrùn máa pa á níbi tí rédíò rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, yóò rí i pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ó sì ń lọ́ra láti dáhùn. Bí ó bá gbé e sábẹ́ ewé kókò fún ìgbà díẹ̀, eré rẹ̀ yóò padà.